Ìwé Kíkà Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin: Ìtàn Àròsọ Orí Fóònù ní Ilẹ̀ Japan

Ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà pé ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ fóònù nínú ọkọ̀ kò kàwé, eré ni ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ ní Tokyo. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àròsọ lórí fóònù nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé wọn lọ sí ilé ìwé àti ibi iṣẹ́. Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ka fífi fóònù sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà sí. Nítorí náà, ojú àti àtàǹpàkò ni wọ́n ń lò. Ọmọbìnrin kan tí ó fi Rin ṣe orúkọ ìkọ̀wé tilẹ̀ kọ lára ìtàn tirẹ̀, Moshimo Kimi ga, sórí fóònù nígbà tí ó bá ń lọ sí ibi iṣẹ́. Nínú ìtàn àròsọ mẹ́wàá tí ó tà jù níbẹ̀ lọ́dún 2007, márùn-ún ni ó ti orí fóònù wá. Koizora, ìtàn Mika, ni ó ṣíwájú gbogbo wọn.

Ẹ̀sùn tí àwọn lámèyítọ́ fi kan ìtàn wọ̀nyí ni pé gbólóhùn wọn kúrú jù, àti pé àpèjúwe kò tó nǹkan nínú wọn. N kò fara mọ́ ọn. Ẹ wo ẹni tí ó wà lórí ìdúró láàárín èrò, tí ó fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, tí fóònù kékeré wà ní ọwọ́ kejì. Bí gbólóhùn bá gùn, yóò ti kúrò lójú fóònù kí òǹkàwé tó mọ ibi tí ó ń lọ. Ọkọ̀ ni ó kọ́ òǹkọ̀wé ní ìṣọ́wọ́lò-èdè yẹn.

Ibòmíràn ni àbùkù Koizora wà. A fipá bá Mika lò pọ̀, oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, jẹjẹrẹ sì wá pa olólùfẹ́ náà. Àjálù ń wọlé bí èrò ní ibùdókọ̀. Kí a tó sunkún ọ̀kan tán, òmíràn ti dé. Asọ̀tàn kò dúró ti èyíkéyìí pẹ́ títí kí a fi rí ohun tí ó sọ ọmọbìnrin náà dà.

A kò sì lè di èyí ru ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni I. B. Thomas náà tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó láàárín ọdún 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà á ní òótọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti gba ti Mika. Ṣùgbọ́n òṣì àti àìsàn Sẹ̀gilọlá ti inú ìwà rẹ̀ jáde wá. Lẹ́tà kan ń kún èkejì lọ́wọ́.

Nígbà tí a tẹ Koizora sórí ìwé lọ́dún 2006, wọn kò tò ó láti òkè sí ìsàlẹ̀ bí ìtàn àròsọ Japan ti sábà máa ń rí. Ní ìbú ni wọ́n tò ó, pẹ̀lú gbogbo àlàfo tí ó wà láàárín ìlà. Ẹni tí ó jókòó sílé kà á yóò rò pé wọ́n fi bébà ṣòfò. Nínú ọkọ̀, ibi àlàfo yẹn ni àtàǹpàkò ti ń tẹ bọ́tìnì, kí ọ̀rọ̀ tí ó kàn tó yọjú.