Pẹpẹ Ìwé Yorùbá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ṣàṣà ni ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti ní bá D. O. Fágúnwà. Ohun ìyìn ni èyí: ìwé tí a tẹ̀ ní 1938 ṣì ń rí ọmọdé tí ń kà á. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, náà kò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò ni ó kún pẹpẹ náà, ogún ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo kò sì lè di ogún ìwé. Èyí tí ó bá ti bọ́ kúrò nínú ìdánwò, inú àpótí ni í gbà lọ. Ìwé ìṣirò dà? Ti sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ rí. Láti 1970 ni A. B. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní irú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, tí wọ́n sì ṣe ìwé fún un. Ọmọ tí ó bá dàgbà nídìí irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé ìtàn nìkan ni èdè bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ. Olùkọ́ tí owó ìwé márùn-ún bá tẹ̀ lọ́wọ́, kí ó ra márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.