Bí Páànù Ìbàdàn Ṣe Ń Dá Ohùn Rédíò Padà

Àwọn tó ń wa mọ́tò ní Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń fà á. O wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mókọ́lá, o ń gbọ́ Àmúlùdùn FM, àfi ṣàà! Ariwo gba ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́ ọ létí. Mọ́tò iwájú sún díẹ̀, ìwọ náà sún, ohùn sì tún já gaara. Rédíò rẹ kò bàjẹ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà kò sì ṣe nǹkan kan. Ibi tí o dúró sí ló fà á.

Ibi tí èèyàn dúró sí yìí ni mo fi ń jẹun. Àǹténà ni mò ń gbé kọ́, ti rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n. Mo tún rédíò ṣe rí, mo sì ń tún un ṣe títí di òní, ṣùgbọ́n òrùlé ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tó wà nínú rédíò, ẹni tó ṣe é ti yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàwòrán ohun tí páànù àdúgbò Bẹẹrẹ ń fi ìgbì rédíò ṣe.

Orí 99.1 ni Àmúlùdùn wà. Ìyẹn ni pé ìgbì rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ní ìgbà mílíọ̀nù 99.1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ọ̀hún sì ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí a bá fi iye ti àkọ́kọ́ pín èyí, láti orí ìgbì kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mítà 3 àti díẹ̀. Ìgbì kan wá tààrà láti Mọ́níyà, níbi tí ilé iṣẹ́ rédíò náà wà. Òmíràn kọ́kọ́ lọ gbá páànù tàbí ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ta padà, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí náà ọ̀nà tirẹ̀ gùn ju ti èkíní lọ. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń gòkè nígbà tí wọ́n pàdé, agbára wọn á di ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, wọn á pa ara wọn. Ẹni méjì tó ń ti mọ́tò tó rì sínú ẹrẹ̀ ni wọ́n: bí ọ̀kan bá ń tì í níwájú, tí èkejì ń tì í lẹ́yìn, wọ́n kàn ń làágùn lásán ni.

Bí ó bá jẹ́ pé iwájú rẹ gan-an ni ògiri tó ń dá ìgbì padà wà, tí ilé iṣẹ́ rédíò sì wà lẹ́yìn rẹ, ibi tí ìgbì méjèèjì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75 lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ara wọn. Ìdí nìyẹn tí sísún díẹ̀ fi tó. Ìdí nìyẹn náà tí mi ò fi í de àǹténà mọ́ òpó láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé e káàkiri, tí ẹnì kan nínú ilé sì ń ké sí mi pé, “Ó ti lọ! Ẹ padà! Ibẹ̀ yẹn gan-an!” Àwọn onílé rò pé òpó gíga ni gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ pàápàá ń dá ìgbì padà, òpó tó fi mítà kan ga sí i sì lè gbé àǹténà bọ́ sí ibi tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láyé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ojú la fi ń rí ìgbì tó ta padà. Láti 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ni Ìbàdàn ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá bá a débẹ̀ á rántí òjìji tó máa ń tẹ̀ lé akaròyìn. Apá ọ̀tún ló máa ń wà, torí pé láti òsì sí ọ̀tún ni ẹ̀rọ ń fa ìlà àwòrán, ọ̀tún sì ni ohun tó bá pẹ́ á bọ́ sí. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìlà kan ń gba 52 nínú rẹ̀ kó tó tán lójú gíláàsì. Bí gíláàsì bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, òjìji tó fi sẹ̀ǹtímítà 1 yà sẹ́yìn ti rin nǹkan bí mítà 390 ju ìgbì tààrà lọ. Mo máa ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo tún máa ń gun òrùlé lọ wo ìlú, kí n mọ òkè tàbí ilé tó lè jẹ́. Kò sí adùn kan nínú iṣẹ́ wa tó tó ìyẹn.

Ilé tó ń da àwòrán rú fún ẹnì kan lè gba ẹlòmíràn là. Mo bá ìyá kan kọ́ àǹténà nísàlẹ̀ Òkè Màpó, níbi tí òkè ti dí ìgbì tààrà. Mo kọjú àǹténà sí Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965. Ìyá wò ó títí.

“Ẹ̀ńjìníà, ṣé o ò rí i pé ibi tí kò sí ilé tẹlifíṣọ̀n lo kọjú ẹ̀ sí ni?”

“Ẹ jẹ́ ká tàn án wò ná, Ìyá.”

Àwòrán já, òjìji kò sí níbẹ̀, torí ìgbì kan ṣoṣo ló ń wọlé.

Kì í ṣe ilẹ̀ àti ilé nìkan ló ń dá ìgbì padà. Ní December 1924, Edward Appleton àti Miles Barnett ní kí ilé iṣẹ́ BBC ní Bournemouth máa yí gígùn ìgbì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru, wọ́n sì ń gbọ́ ọ láti Oxford. Ohùn ń lágbára, ó ń rẹlẹ̀, wọ́n ń ka iye ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú kíkà yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé ìgbì kan ń gba orí ilẹ̀, òmíràn ń gba òkè ní nǹkan bí kìlómítà 90 kó tó padà wálẹ̀. Appleton gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947. Ẹni tó bá ti fi alẹ́ gbọ́ ìròyìn láti òkèèrè lórí rédíò alábátìrì, tí ohùn ń lọ tó ń bọ̀, ti gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin méjèèjì yẹn ń kà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan ló wá wù mí jù. Ní 1926, ní Sendai, Shintaro Uda àti Hidetsugu Yagi gbé àǹténà tí a ń kọ́ sórí òpó di òní jáde. Yagi ni ayé ń pè é. Uda ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ bí ayé ṣe rí nìyẹn. Wo àǹténà náà dáadáa: ọ̀pá kan ṣoṣo ni wáyà kàn. Àwọn yòókù kò kan nǹkan kan, wọ́n kàn ń gba ìgbì, wọ́n ń tún un ta jáde. Èyí tó wà lẹ́yìn gùn díẹ̀ ju èyí tí wáyà kàn lọ, àwọn tiwájú kúrú díẹ̀. Gígùn wọn àti àlàfo àárín wọn ló ń mú kí ohun tó ti iwájú wá máa papọ̀, kí ohun tó ti ẹ̀yìn wá máa pa ara rẹ̀. Ohun kan náà tó ń pa Àmúlùdùn mọ́ ọ létí ní Mókọ́lá ni wọ́n kó sórí ọ̀pá, tí wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ká ọ̀pá kan kúrò torí pé “kò kan wáyà” ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, mo sì ti bá irú rẹ̀ pàdé lórí òrùlé tó pọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n dígítà kò ní òjìji mọ́. Àwọn tó ṣe é fi àlàfo díẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, ẹ̀rọ á dúró de ìgbì tó pẹ́ kó tó kà á. Èyí tó bá pẹ́ ju àlàfo náà lọ ló ń gé àwòrán sí wẹ́wẹ́. Ráútà Wi-Fi aláǹténà púpọ̀ tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: oríṣiríṣi ọ̀nà tí ògiri fi ń dá ìgbì padà ló ń fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì ti 2.4 GHz kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 lọ. Nítorí náà, bí oníbàárà bá pè mí pé íńtánẹ́ẹ̀tì kò wọ yàrá, mi ò kọ́kọ́ sọ fún un pé kó ra òmíràn. Mo máa ń ní kó gbé ráútà náà kúrò lórí fíríìjì, kó sún un ní ìbú ọwọ́ kan sí ọ̀tún, kó tún dán an wò.