Ojú Tó Mọ Aràn, Ọwọ́ Tó Mọ Ojú

Bí ẹ bá ní kí wọ́n dárúkọ àwọn tó kàwé ní Trinity College, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dublin ní 1592, àwọn òǹkọ̀wé ni wọn yóò kọ́kọ́ kà fún yín: Swift, Wilde, Beckett. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Birnin Gwari, Kauru àti Lere, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe àgbẹ̀ lóore tó William Campbell.

Ramelton, ìlú kékeré kan ní Donegal, ni Campbell ti dàgbà. Ìmọ̀ nípa ẹranko ló kọ́ ní Trinity, ó sì gboyè ní 1952. Olùkọ́ rẹ̀, Desmond Smyth, ló mú un fẹ́ràn aràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, fẹ́ràn gan-an ni mo wí. Títí tó fi darúgbó, ó ń ya àwòrán aràn, ó sì ń kọ ewì nípa wọn. Mo gbà pé ẹni tí kò bá lè wo aràn títí tí yóò fi rí ẹwà rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe.

Ní 1957 ó wọ iléeṣẹ́ apoògùn Merck ní Amẹ́ríkà. Satoshi Ōmura, onímọ̀ ará Japan, bu iyẹ̀pẹ̀ nítòsí pápá gọ́ọ̀fù kan, ó yọ kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Merck. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ Campbell ti po omi tí kòkòrò náà ti hù mọ́ oúnjẹ eku tó ní aràn nínú. Aràn lọ, eku kò kú. Inú omi yẹn ni oògùn ivermectin ti jáde, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún ẹran ọ̀sìn ní 1981.

Owó ńlá wà nídìí màlúù, ẹlòmíràn ì bá dúró síbẹ̀. Ohun tí Campbell rí nínú ẹṣin ni kò jẹ́ kó dúró. Oògùn náà ń pa ọmọ aràn wínníwínní tó ń rìn lábẹ́ awọ ẹṣin, aràn yìí sì jẹ́ ìbátan èyí tó ń fọ́ ènìyàn lójú létí odò. Ní 1978 ó dá a lábàá fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n dán an wò lára ènìyàn. Mohammed Aziz, dókítà ọmọ Bangladesh tí òun náà wà ní Merck, ló lọ dán an wò ní Senegal ní 1981. Nígbà tó di 1987, Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni, iyekíye tí àwọn èèyàn bá nílò, títí dìgbà tí wọn kò bá nílò rẹ̀ mọ́.

Apá tí Kàdúná kó nínú iṣẹ́ yìí ni mo rò pé a kì í yìn tó.

Eṣinṣin dúdú kékeré tó ń pamọ sínú omi tó ń ṣàn kíkankíkan ló ń gbé aràn tó ń fọ́ ojú yìí kiri. Ìyá aràn lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú kókó abẹ́ awọ, kó máa bí ọmọ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ náà ló ń fa inárun tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Bí wọ́n bá dé ojú, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bà á jẹ́. Wọ́n lè sọ awọ iwájú ẹyinjú di funfun, èyí tí gbogbo ayé ń rí. Wọ́n sì lè jẹ́ kí iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ rọ láti ẹ̀yìn, tí ojú yóò ṣì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan. Oògùn àtijọ́ ń pa ọmọ aràn lójijì débi pé òun fúnra rẹ̀ lè ba ojú jẹ́. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: ṣé ivermectin yóò gba iṣan náà là, àbí kò ní lè ṣe é?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adénikẹ̀ẹ́ Abíọ́ṣe, tó darí National Eye Centre ní Kàdúná, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Nàìjíríà àti London, ló jókòó ti ìbéèrè yìí. Wọ́n lọ sí abúlé tó lé ní ọgbọ̀n. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún àwọn kan ní ivermectin, wọ́n sì ń fún àwọn yòókù ní oògùn tó jọ ọ́ tí kò ní agbára kankan. Ẹni tó ń gbà á kò mọ èyí tó gbé mì, ẹni tó ń yẹ ojú rẹ̀ wò kò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ rò ó wò. Dókítà yóò tan iná gba inú ọmọlójú, yóò wá orí iṣan náà, róbótó kékeré tó pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, yóò sì pinnu bóyá ó ti ń funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìríran ẹ̀gbẹ́: kí àgbẹ̀ tí kò rí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ojú rí tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo, kó má yí ojú, kó sì sọ ohun tó bá rí ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ tì í lẹ́nu. Bí sùúrù bá tán, èsì ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1993 èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet: àìsàn iṣan ojú dín kù láàárín àwọn tó ń gba ivermectin. Orúkọ Abíọ́ṣe ló ṣíwájú gbogbo orúkọ tó kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ pípín oògùn náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn èèyàn dípò òṣùwọ̀n, nítorí ibi tí orí bá dé lára ọ̀pá ló ń sọ iye hóró tí onítọ̀hún yóò gbé mì, láti ẹyọ kan dé mẹ́rin. Oògùn yìí kì í tètè pa ìyá aràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá lọ́dọọdún.

Ní 2008, lẹ́yìn ọdún 15 sí 17 tí wọ́n ti ń gbé e mì, wọ́n yẹ ènìyàn 3,703 wò ní abúlé 27 ní Birnin Gwari, Kauru àti Lere. Wọ́n gé awọ bíńtín lára ìbàdí oníkálukú, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n sì fi maikirosíkópù wò ó bóyá ọmọ aràn yóò lúwẹ̀ẹ́ jáde. Kò sí ẹyọ kan. Kí oògùn tó dé, bí ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lágbègbè náà ló ní in lára. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ń lé ni pé kí àìsàn náà dín kù. Èsì Kàdúná wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ṣeé pa rẹ́.