Ẹ̀sùn Àwòkọ àti Àwo Orin Àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Shingetsu

Ní ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ Shingetsu, olórin márùn-ún ti ilẹ̀ Jàpáànì, gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni àwo ọ̀hún ń jẹ́, orin mẹ́jọ ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn tí àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń fi kàn án ni pé àwòkọ Genesis, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni.

Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Makoto Kitayama, akọrin wọn, a máa para dà lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí Peter Gabriel ti ń ṣe kí ó tó kúrò nínú Genesis ní ọdún 1975. Akira Hanamoto ń lo Mellotron, ìyẹn dùùrù tí ń fi téèpù gbé ohùn fayolíìnì jáde, èyí tí Genesis náà lò púpọ̀. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀, tí ó ku dùùrù àti gìtá Haruhiko Tsuda nìkan, ó ṣòro láti gbèjà wọn. ‘Freeze’ nìkan ni ó yàtọ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi parí.

Nígbà tí Kitayama bá lanu, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí èdè Jàpáànì ni ó fi ń kọrin. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan a máa gba agbára ju òmíràn lọ, Gabriel a sì máa tìtorí èyí rọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sáàárín ìlù méjì. Èdè Jàpáànì kì í gba irú ìrọ́jọ bẹ́ẹ̀ tìrọ̀rùn: ègé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba àkókò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Orúkọ ẹgbẹ́ náà tó àpẹẹrẹ. Shi-n-ge-tsu: ègé mẹ́rin ni, ‘n’ àárín rẹ̀ sì dá dúró bí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù ti Yorùbá. Ìlù àti dùùrù ni ó wá di dandan fún láti dúró de akọrin.

Èyí hàn jù lọ nínú ‘Oni’, orin tí ó ṣí àwo náà, tí ó gùn ju ìṣẹ́jú 9 lọ. Oni ni ẹ̀dá oníwo inú ìtàn àbáláyé Jàpáànì tí wọ́n ń ju ẹ̀wà láti fi lé jáde nílé ní ọjọ́ Setsubun, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún. (Ẹni tí ó bá pè é ní èṣù ti ṣi àwọn méjèèjì mọ̀, iwin sún mọ́ ọn díẹ̀, kò kàn bá a mu tán ni.) Pẹ̀lẹ́ ni orin náà bẹ̀rẹ̀. Kitayama ń fa ọ̀rọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ohun èlò tó bú sókè. Irú sùúrù yìí kò sí nínú orin Gabriel, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Ẹgbẹ́ náà tú ká láìṣe àwo kejì ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Àwo kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́, ohun èlò inú rẹ̀ ni àwọn adájọ́ sì tẹ́tí sí.