Àlàyé Ìyípadà Òṣùpá fún Ọmọdé: Àyẹ̀wò Èdè àti Òye

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìbéèrè kan tí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí òṣùpá fi ń kéré, tí ó sì tún ń tóbi? Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti ọdún 1970, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Bóyá àwa olùkọ́ ń lo èdè náà bí ó ti yẹ ni ó kù. Èrò tiwa ni pé àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ní kíláàsì ní àbùkù mẹ́ta, àti pé èdè wa fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ láti tún un ṣe.

Òjìji ayé

Àbùkù kìíní ni àlàyé pé òjìji ayé ni ó ń bo òṣùpá díẹ̀díẹ̀. Èyí kò tọ̀nà. Oòrùn ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí òṣùpá, ìdajì rẹ̀ tí ó kọjú sí oòrùn ni ó sì ń mọ́lẹ̀. Bí òṣùpá ti ń yí ayé po, ibi tí a ti ń wo ìdajì náà ń yí padà. Nígbà mìíràn a ó rí gbogbo rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ péré ni a ó rí. Láti ìgbà tí òṣùpá bá kún títí di ìgbà tí yóò tún kún tó nǹkan bí ọjọ́ 29½.

Ìgbà tí òjìji ayé bá bo òṣùpá ní tòótọ́, ìṣíjibò òṣùpá ni. Wákàtí díẹ̀ ni ó ń gbà, kì í sì í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù. Olùkọ́ tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo òṣùpá ìdajì ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn kò tíì wọ̀. A ó rí oòrùn ní ìwọ̀-oòrùn, a ó sì rí òṣùpá lókè orí wa. Ẹ̀yìn ayé, ní òdìkejì oòrùn, ni òjìji ayé máa ń wà. Báwo ni yóò ṣe dé ara òṣùpá yẹn?

Oṣù tuntun àti oṣù lé

Àbùkù kejì ti inú ìtumọ̀ wá. Àwọn tí ń tú àlàyé láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ìpele àkọ́kọ́ ní 'oṣù tuntun'. Ní ìpele yìí, òṣùpá wà ní agbedeméjì ayé àti oòrùn, ojú kò sì lè rí i. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ní oṣù lé, ohun tí ojú rí ni ó ń sọ: ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní ilé Mùsùlùmí mọ èyí dájú, nítorí rírí oṣù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Bí a bá fún méjèèjì ní orúkọ kan náà, ọmọ yóò máa wá ohun tí kò ṣeé rí. A dábàá pé kí a sọ ti àkọ́kọ́ ní gbólóhùn tààrà, 'a kò rí òṣùpá', kí a sì fi oṣù lé sílẹ̀ fún ohun tí ojú rí.

Ọ̀rọ̀ bí àránmọ́jú wúlò púpọ̀. Òṣùpá tí ó ń ràn títí ilẹ̀ fi mọ́ ní láti yọ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kí ó sì wọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òdìkejì oòrùn ni ó wà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó ṣí ìwé.

Àwòrán

Àbùkù kẹta ni àwòrán tí a yá láti inú ìwé ilẹ̀ Òyìnbó, níbi tí òṣùpá kékeré ti dúró ṣánṣán bí dòjé tí a fi kọ́ ara ògiri. Nílẹ̀ wa, tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ńṣe ni oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bí ó tilẹ̀ máa ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀ láàrin ọdún. Àwọn àgbà ní, 'Oṣù lé, wọ́n ní kò gún. Kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o lọ tún un ṣe.' Ọmọ tí ó bá ya ohun tí ó rí, tí a sì fa igi lé e nítorí pé kò bá ìwé mu, ti kọ́ láti má ṣe gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ìlànà ìkọ́ni

Kí olùkọ́ gbé àtùpà sí iyàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ó sì fi igi gún ọsàn kan fún ọmọ. Ọmọ náà yóò na ọsàn síwájú, kí ó ga ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀, yóò sì máa yí sí apá òsì. Nígbà tí ó bá kọjú sí àtùpà, apá tí ó ṣókùnkùn ni yóò rí. Nígbà tí ó bá kẹ̀yìn sí i, ọsàn yóò mọ́lẹ̀ kedere. Bí ó bá rẹ ọwọ́ sílẹ̀ tí òjìji orí rẹ̀ bo ọsàn, ìṣíjibò nìyẹn, yóò sì rí i pé ọ̀tọ̀ ni.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùdánwò gan-an. Ìbéèrè bí 'Kí ni ó ń bo òṣùpá?' ti gbé àṣìṣe sẹ́nu ọmọ. Ẹni tí ó bá kọ 'òjìji ayé' yóò gba máàkì, ẹni tí ó bá kọ 'kò sí' yóò sì pàdánù. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n dípò rẹ̀ pé: 'Níbo ni oòrùn wà nígbà tí òṣùpá àránmọ́jú bá ń yọ?' Ọmọ tí ó bá ti jókòó síta ní alẹ́ yóò rí ìdáhùn sí i.