Ọwọ́ Tó Gbẹ́ Orúkọ

Láti Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, dé Martins Street kò jìnnà. Ibẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1894. Gómìnà Gilbert Carter wà níjokòó lọ́jọ́ náà. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool láti jẹ́ iṣẹ́ Súltánì Abdulhamid Kejì ti ilẹ̀ Ottoman, tó fi Mohammed Shitta joyè Bey. Oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sàró ni Shitta, òun ló náwó ilé náà. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Orúkọ olówó di orúkọ ilé. Ti ọ̀gá bíríkìlà, àfi kéèyàn béèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lára àwọn òkúta ìrántí inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí Èkó: orúkọ ẹni tó ta ọrẹ ló máa ń tóbi jù. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ sí mábù ni èmi máa ń dúró wò. Orúkọ wa gùn, oyè tún lé e lórí, "àti àwọn ọmọ" tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Agbẹ́kúta tí kò bá kọ́kọ́ ka iye lẹ́tà, ìlà kẹta ló ti máa há mọ́ ọn, yóò wá máa rún lẹ́tà pọ̀ sí igun. Ẹni tó mọṣẹ́ a ti fi ààyè sílẹ̀ fún àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, nítorí bó bá lu ihò àmì náà jù, etí lẹ́tà á ṣẹ́, kò sì sí ohun tí yóò so ó padà. Ó máa ń dagun irin rẹ̀, kí ojú ibi tó gbẹ́ tín-ín-rín nísàlẹ̀. Òjìji á jókòó síbẹ̀. Bí ọ̀dà bá ṣí tán, a ṣì lè ka orúkọ náà. Èyí tí ẹ̀rọ ń gbẹ́ lóde òní mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní òjìji tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti ń gbẹ́ orúkọ ọlọ́rẹ sí òkúta. Ní Sánchí, ní ilẹ̀ Íńdíà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọlọ́rẹ ni wọ́n gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta ojúbọ ẹlẹ́sìn Búdà ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn: oníṣòwò, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ìyàwó ilé. Ọ̀pọ̀ dárúkọ ìlú rẹ̀ tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Kúkúrú ni àwọn àkọlé náà. Ní 1837, James Prinsep, ọ̀mọ̀wé ará Britain, ṣàkíyèsí pé lẹ́tà méjì kan náà ló ń parí púpọ̀ nínú wọn, ó ní "ẹ̀bùn" ni yóò jẹ́, ibẹ̀ ló sì gbà wọ inú àkọsílẹ̀ Brahmi, ìkọ̀wé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́. Ká ní àwọn agbẹ́kúta náà ń yí lẹ́tà padà bó ṣe wù wọ́n ni, kí ni Prinsep ì bá rí dì mú?

Ẹnu ọ̀nà ìhà gúúsù ojúbọ náà ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn agbẹ́yín-erin ìlú Vidisha kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn làwọn gbẹ́ ère náà. Ẹgbẹ́ wọn lápapọ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tó bá wo ère náà dáadáa yóò rí i pé irọ́ kọ́: èèyàn àti ẹranko kéékèèké kún fọ́fọ́, wọ́n gún régé títí kan ìka, bí ẹni pé eyín erin ni wọ́n ṣì ń gbẹ́.