Àmì Kékeré Lẹ́yìn Ẹja Túnà

Òkun fẹ̀, ẹja kì í sì í sọ ibi tó ń lọ. Lọ́dún 1954, Frank Mather, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní iléeṣẹ́ ìwádìí òkun Woods Hole ní Amẹ́ríkà, bẹ àwọn apẹja lọ́wẹ̀: bí ìwọ̀ wọn bá mú ẹja túnà, kí wọ́n fi àmì sí i lára, kí wọ́n sì dá a padà sómi.

Iṣẹ́ ìfarabalẹ̀ ni. Apẹja á fa ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á fi ọ̀pá gún ṣóńṣó àmì náà wọ ẹran ẹ̀yìn rẹ̀, nítòsí lẹbẹ́. Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní nọ́ńbà lára ló máa ń yọ síta. Kò gbọdọ̀ pẹ́, kí ẹja má baà kú.

Sùúrù náà sèso. Túnà tí wọ́n sàmì sí nítòsí Massachusetts ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954 bọ́ sọ́wọ́ àwọn apẹja ní Bay of Biscay, lẹ́bàá ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì, lọ́dún 1959. Ó ti la òkun Àtìláńtíìkì já!

Ẹ̀yin apẹja, bí ẹ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti mú ẹja náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi tó àwọn olùwádìí létí.